Àdírẹ́sì tó yí padà, káàdì tó padà sẹ́yìn: ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Ìgbọ̀nà dé Houston

Ìyá kan ní Ìgbọ̀nà, l'Óṣogbo, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún. Àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin, ti di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà. Òun ló kọ fọ́ọ̀mù I-130 láti fi bẹ̀bẹ̀ fún ìyá rẹ̀, òun náà ló sì fọwọ́ sí I-864 gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Físà IR5, èyí tí wọ́n ń fún òbí ọmọ onílùú, jáde ní kọ́ńsólétì Amẹ́ríkà tó wà ní Victoria Island l'Ékòó. Ìyá wọkọ̀ òfuurufú, ó gúnlẹ̀ sí Houston láyọ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá, green card ò dé.

Kò sí ìwé tí wọn ò fọwọ́ sí, kò sì sí owó tí wọn ò san. Àdírẹ́sì ìlà mẹ́ta péré ló da nǹkan rú. A kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí ènìyàn ti lè ṣì í tí ìdílé yìí kò ti ṣì í. Ọjọ́ tí ìyá wọ Amẹ́ríkà ni a ó máa pè ní ọjọ́ kìíní.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Fọ́ọ̀mù físà, DS-260, máa ń béèrè ilé tí ènìyàn yóò dé sí, ó sì máa ń béèrè ilé tí kí wọ́n fi green card ránṣẹ́ sí. Nígbà tí àbúrò obìnrin ń kọ ọ́ l'Óṣogbo, fúláàtì kan nínú Houston ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí físà tó jáde. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, àdéhùn ilé parí, wọ́n fi owó lé owó ilé, ọkùnrin náà sì kó lọ sí Katy, ní ìwọ̀-oòrùn Houston. Ó fi ilé tuntun han ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp, ìyá gbàdúrà lé e lórí. Kò sí ẹni tó rántí DS-260.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àyè ṣí sílẹ̀ láti tún un ṣe. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò l'Ékòó: bí wọ́n bá sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lójú fèrèsé pé àdírẹ́sì ti yí padà, ibẹ̀ ni yóò ti parí. Èkejì ni pápákọ̀ òfuurufú ní Houston, lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó ń lu páásípọ́ọ̀tù ní òǹtẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ka àdírẹ́sì tó wà níwájú rẹ̀. Ìyá tí kò sùn láti Èkó gbọ́ “Houston”, ó mi orí. Kò parọ́, nítorí Houston ni wọ́n sọ fún un pé òun ń lọ. Ìdí nìyí tí a fi máa ń sọ fún àwọn tó bá fẹ́ fi òbí sínú bàlúù pé kí wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé sórí bébà ní lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n fi há inú páásípọ́ọ̀tù, lójú ewé tí físà wà gan-an, kí wọ́n sì kọ́ Màmá pé bí wọ́n bá ti ń béèrè ilé, bébà yẹn ni kó nà sí wọn. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbà tó wọlé. A ó dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Owó káàdì àti íméèlì ọmọ káfè

Ẹni tó bá gba físà ìgbélùú gbọ́dọ̀ san owó kan fún USCIS, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbélùú ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó tẹ green card rẹ̀. $235 ni láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024. $220 ni tẹ́lẹ̀. Ó dára kí wọ́n san án lẹ́yìn tí físà bá ti bọ́ sọ́wọ́, kí ẹni náà tó gbéra. Ìdílé yìí san án lásìkò, ní káfè kan nítòsí Old Garage. Nọ́ḿbà méjì ni wọ́n fi ń san án: nọ́ḿbà A, tó wà lára físà gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀, àti nọ́ḿbà fáìlì físà fúnra rẹ̀.

Ìyá ò ní íméèlì. Ọmọ káfè fi íméèlì ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì, ó sanwó, ó tẹ rìsíìtì jáde, ó ní ó ti parí. Kò ní ète burúkú kankan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe JAMB nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe NIN nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ohun tí USCIS bá fẹ́ sọ nípa káàdì ìyá, inú fóònù ọmọ tó ń tẹ ìwé l'Óṣogbo ló ń bọ́ sí. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí la kà sí èyí tó wúwo jù, torí òun ló bo ìyókù mọ́lẹ̀. Íméèlì kò náni ní kọ́bọ̀. Bí Màmá ò bá lè lò ó, kí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣí i ní orúkọ rẹ̀, kí ó sì kọ páásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé tó wà nílé.

Ìdí tí lẹ́tà yòókù fi dé, tí káàdì ò dé

Ọmọkùnrin náà kò jókòó lásán. Nígbà tó kó, ó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó kọ fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n máa darí lẹ́tà òun sí Katy. Lẹ́tà báńkì ń tẹ̀ lé e, ti iná mànàmáná ń tẹ̀ lé e, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àpòòwé tí USCIS fi ń gbé káàdì ní àṣẹ kan lára: bí ẹni tó ni ín kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í darí irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé tuntun. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ ọmọ ló wà lórí fọ́ọ̀mù ìdarí, kì í ṣe ti ìyá.

Káàdì Social Security, èyí tó ń gbé nọ́ḿbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń mọ ènìyàn fún iṣẹ́ àti owó orí, náà bá a lọ. Àwọn tó bá ti fọwọ́ sí i nínú DS-260 pé kí wọ́n fún àwọn ní nọ́ḿbà yẹn kì í tún kọ fọ́ọ̀mù mìíràn; káàdì náà máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé, ilé kan náà tí green card ń lọ ló sì ń lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí kò dé, ó yẹ kí ìyẹn ti jẹ́ àmì. Wọ́n ní bóyá ó pẹ́ ni.

Ta ni ó gbọ́dọ̀ sọ pé òun ti kó?

Ìgbà tí wọ́n pe ọkùnrin náà sí àkíyèsí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ọmọ onílùú ni mí, òfin yẹn ò kàn mí.” Ó tọ̀nà, ó sì ṣì í.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú sọ fún ìjọba láàárín ọjọ́ 10 tó bá kó kúrò nílé kan sí òmíràn. Fọ́ọ̀mù AR-11 ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ní físà A tàbí G, ìyẹn àwọn aṣojú ìjọba àti ti àjọ àgbáyé, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àlejò láti orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà gbà láyè láti wọlé láìgba físà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní green card wà lábẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti lo 20 ọdún níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ lè san owó ìtanràn, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju 30 ọjọ́ lọ, tàbí méjèèjì. Òfin náà tún sọ pé wọ́n lè lé e kúrò nílùú, àyàfi bó bá fi hàn pé kì í ṣe pé òun mọ̀ọ́mọ̀, tàbí pé ìdí tó ṣeé gbà wà. Ọjọ́ 10 yìí, ọjọ́ lójú kàlẹ́ńdà ni, Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú rẹ̀.

Olúkúlùkù ló ń ṣe tirẹ̀. AR-11 bàbá kò bo ìyá, ti ìyá kò bo ọmọ. Ní ti ìyá Ìgbọ̀nà yìí, kò gbé inú fúláàtì Houston rí, nítorí náà ènìyàn lè jiyàn pé kò kó kúrò níbì kankan. A ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ìyẹn ṣe àwáwí. Fúláàtì náà ni ìjọba kọ sílẹ̀ pé ó ń gbé, Katy ló ń gbé; kí wọ́n ka ọjọ́ 10 láti ọjọ́ tó wọlé ni ó láàbò.

Ti ọmọkùnrin wá jẹ́ ọ̀tọ̀. Ọmọ onílùú kì í kọ AR-11 fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ ni. Ẹni tó bá fọwọ́ sí I-864 gbọ́dọ̀ fi I-865, fọ́ọ̀mù tí onígbọ̀wọ́ fi ń sọ àdírẹ́sì tuntun, ránṣẹ́ láàárín 30 ọjọ́ tó bá kó, ní gbogbo ìgbà tí ìgbọ̀wọ́ náà bá ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn. Owó ìtanràn tí òfin ọdún 1996 kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti $250 dé $2,000; bó bá mọ̀ pé ẹni tí òun gbọ̀wọ́ rẹ̀ ti ń gba ìrànwọ́ ìjọba, ó di $2,000 sí $5,000. Ọjọ́ tí ìyá di olùgbé ni ẹrù yẹn bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà sì ti kó kí ọjọ́ yẹn tó pé, nítorí náà kò tíì rú òfin. A ṣì ní kó fi I-865 ránṣẹ́, nítorí àdírẹ́sì àtijọ́ ló wà lórí I-864 rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí i

Ní ọjọ́ 93, àbúrò obìnrin gba Old Garage lọ. Wọ́n ti fi tẹlifóònù bá ọmọ káfè sọ ọ́ títí, kò rántí. Nígbà tí ó jókòó tì í tí wọ́n jọ wá inú íméèlì, wọ́n rí i: ìfitónilétí pé wọ́n ti fi káàdì ránṣẹ́, ní ọjọ́ 38, òmíràn ní ọjọ́ 52 pé káàdì ti padà sọ́dọ̀ USCIS. Ọmọ náà rò pé ìpolówó ni.

Àkókò ti ń lọ. Láti ọdún 2018 ni USCIS ti sọ pé káàdì tí ilé ìfìwéránṣẹ́ bá dá padà, àwọn yóò bà á jẹ́ lẹ́yìn 60 ọjọ́ iṣẹ́ bí ẹni tó ni ín kò bá kàn sí àwọn pẹ̀lú àdírẹ́sì tó tọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ kàlẹ́ńdà: kò sí Sátidé, kò sí Sọ́ńdè, kò sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba àpapọ̀. 60 ọjọ́ iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12. Láti ọjọ́ 52 dé ọjọ́ 93 jẹ́ ọjọ́ 41. Bí wọ́n bá yọ òpin ọ̀sẹ̀ àti ìsinmi kan, 28 ni ó lọ. Ó ku 32. Bí wọ́n bá dúró de oṣù méjì sí i, káàdì yẹn ì bá ti di èérún.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe

Wọ́n ṣí íméèlì ní orúkọ ìyá. Wọ́n fi íméèlì náà ṣí àkáǹtì lórí uscis.gov, ojúlé ìjọba tó parí sí .gov. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé èyí, nítorí ojúlé tó ń gba owó lórí AR-11 pọ̀, ẹjẹ́ǹtì kan l'Óṣogbo sì ti bu ₦60,000 lé ìdílé yìí lórí fún fọ́ọ̀mù tí ìjọba ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti inú àkáǹtì ni wọ́n ti yí àdírẹ́sì padà. Ohun tí wọ́n kó sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó: orúkọ bó ṣe wà lára físà, ọjọ́ ìbí, nọ́ḿbà A, àdírẹ́sì fúláàtì àtijọ́, àdírẹ́sì Katy, àti nọ́ḿbà rìsíìtì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IOE, tó wà lórí bébà tí ọmọ káfè tẹ̀ jáde. Orúkọ yìí máa ń dá wàhálà sílẹ̀ fún wa: orúkọ ìdílé lọ síbi orúkọ àbísọ, orúkọ kejì wọ inú àkọ́kọ́. Ohun tí físà bá sọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, bí físà tilẹ̀ ṣì í kọ. Láìsí àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti bébà tóbi. Bébà AR-11 tí wọ́n bá fi sínú àpòòwé tẹ́ òfin ọjọ́ 10 lọ́rùn, ṣùgbọ́n kì í tún àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ṣe. Ti inú àkáǹtì, láti ọdún 2023 tí wọ́n ti tún un ṣe, ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi bébà ránṣẹ́, tí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, tí lẹ́tà wọn sì ń lọ sílé àtijọ́.

Àdírẹ́sì ilé gbígbé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àpótí ìfìwéránṣẹ́. Nọ́ḿbà fúláàtì ní àyè tirẹ̀. Bó bá fò ó, ẹni tó ń pín lẹ́tà dé iwájú ilé tó ní 200 yàrá, ó yí padà. Nítorí pé orúkọ ọmọ ló wà lára àpótí lẹ́tà ní Katy, tí orúkọ ìyá kò sí níbẹ̀, wọ́n fi orúkọ ọmọ sí àyè “in care of”, ìyẹn ẹni tí lẹ́tà yóò gba ọwọ́ rẹ̀ dé. Wọ́n sì lẹ orúkọ ìyá mọ́ inú àpótí lẹ́tà náà. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé níbẹ̀, òtítọ́ ni wọ́n kọ, bó tilẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti pẹ́. Fọ́ọ̀mù ìdi-ọmọ-onílùú, N-400, yóò béèrè gbogbo ilé tí ìyá gbé láàárín ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n bá parọ́ rẹ̀ lónìí ni yóò ta ko tọ̀la.

Yíyí àdírẹ́sì padà nìkan kì í mú káàdì tó ti padà jáde. Wọ́n tún kọ ẹ̀bẹ̀ lórí e-Request, ojú ewé ìbéèrè lórí ojúlé USCIS, ní abẹ́ “mi ò rí káàdì gbà”, wọ́n sì pe nọ́ḿbà USCIS, 800-375-5283, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń gbé e. Kí wọ́n máa wí fún un pé káàdì kò dé títí yóò fi fà wọ́n lé ènìyàn lọ́wọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà, torí wọn yóò fi ọjọ́ ìbí àti nọ́ḿbà A dán an wò. Wọ́n fún wọn ní nọ́ḿbà ẹ̀bẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Káàdì jáde lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó bá ti padà rí, tí wọ́n tún fi ránṣẹ́, kì í wá lásán: ẹni tó ni ín, tàbí ẹni tó bá fi ìwé yàn, ló ń fọwọ́ gbà á, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀. Èyí kọlu ètò tí ìyá ti ṣe láti wá sílé fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ. Físà rẹ̀ tí wọ́n ti lù ní òǹtẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìgbélùú fún ọdún kan láti ọjọ́ tó wọlé, ó sì lè fi wọ bàlúù lọ, kó fi bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wà l'Óṣogbo nígbà tí wọ́n bá mú káàdì wá, ilé ìfìwéránṣẹ́ lè tún dá a padà. Ó dúró. Káàdì dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 117.

Bí 60 ọjọ́ iṣẹ́ bá ti kọjá ni, I-90, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè káàdì mìíràn, ni ì bá kù. Bóyá wọn yóò gba owó lórí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí àkọsílẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ bá sọ: káàdì tó padà sọ́dọ̀ USCIS yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní àwọn ti gbé dé ilé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n tẹ ojú ewé “ó ti padà” jáde, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Ti Social Security, ọ́fíìsì wọn ni ìyá lọ pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù. Àjọ yẹn kì í ka ohun tí wọ́n bá sọ fún USCIS.

Fáìlì tí kò sẹ́ni tó ń wò

Nígbà tí wọ́n ń tún ti ìyá ṣe ni wọ́n rántí ti àbúrò obìnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ I-130 fún un lábẹ́ F4, ẹ̀ka tí ọmọ onílùú fi ń bẹ̀bẹ̀ fún arákùnrin tàbí arábìnrin. Ìdúró níbẹ̀ ju ọdún 15 lọ, nítorí 65,000 físà ni òfin yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ayé lọ́dọọdún. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé náà kì í ṣe ti Katy, kì í tilẹ̀ ṣe ti fúláàtì Houston. Ti ilé tó ṣáájú rẹ̀ ni. Arábìnrin náà sì ti kó kúrò ní Ìgbọ̀nà lọ sí Ògo-Olúwa lẹ́yìn ìgbéyàwó.

AR-11 kò kan ẹnikẹ́ni nínú wọn níbí: ọ̀kan jẹ́ ọmọ onílùú, èkejì wà l'Óṣogbo. Ṣùgbọ́n bí USCIS bá béèrè ẹ̀rí kan, tí lẹ́tà náà kò dé, wọ́n lè sọ pé àwọn kò gba ẹ̀bẹ̀ náà. Bí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí i, fáìlì bọ́ sọ́dọ̀ National Visa Center, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú fáìlì físà ìgbélùú kí ó tó dé kọ́ńsólétì. Níbẹ̀, tí wọ́n bá sọ fún un pé físà ti kàn án, tí ọdún kan kọjá láìsí ìgbésẹ̀, wọ́n lè fagi lé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ènìyàn lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá a padà láàárín ọdún méjì sí ìgbà ìfitónilétí, bó bá lè fi hàn pé kò sí lágbára òun. Ẹni tó ti dúró fún ọdún 15 kò yẹ kó wà lójú irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yí tirẹ̀ padà láti inú àkáǹtì ara rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà rìsíìtì I-130. Ti àbúrò gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Àdírẹ́sì l'Óṣogbo kì í ní nọ́ḿbà nígbà púpọ̀. “Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilé aláwọ̀ ewé” kì í wọ inú àyè fọ́ọ̀mù. Orúkọ òpópónà, àdúgbò, Osogbo, Osun State ni wọ́n kọ. Íméèlì ló wúlò jù níbẹ̀, nítorí íméèlì ni National Visa Center fi ń báni sọ̀rọ̀. Èyí tó wà nínú fáìlì ni wọ́n yí padà sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣí lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú fún àwọn tí ọ̀nà tiwọn yàtọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ F-1 máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń rí sí SEVIS, àkọsílẹ̀ ìjọba nípa akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, láàárín ọjọ́ 10, ẹni tó bá ní ẹjọ́ níwájú adájọ́ ìgbélùú ní ọjọ́ 5 péré, EOIR-33 ni fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ilé ẹjọ́ ló sì ń lọ. AR-11 kì í dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Ẹni tí ìwé ìpè rẹ̀ bá lọ sílé àtijọ́, wọ́n lè dá a lẹ́jọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbọ̀wọ́ ọmọkùnrin náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ títí ìyá yóò fi di ọmọ onílùú, tàbí tí wọ́n bá ka iṣẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà 40, ìyẹn bí ọdún 10, sí i lórúkọ, tàbí tó bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ pátápátá, tàbí tó bá kú. Àdéhùn ilé Katy jẹ́ ti ọdún kan. Ó ti kọ ọjọ́ tí yóò parí sára kàlẹ́ńdà, ó sì kọ I-865 àti AR-11 Màmá sí abẹ́ rẹ̀.